Ilé Dáadáa Tọ́ sí Mẹ̀kúnnù: Ìtàn Ìgbésí Ayé Jane Drew (1911–1996)

  

Nígbàkígbà tí a bá pé jọ báyìí, ìtàn àwọn baba ńlá wa la máa ń sọ: bí wọ́n ṣe dé àárín àwọn òkè mọ́kànlélógójì yìí, àti bí àpáta ṣe fi wọ́n pamọ́ nígbà tí ogun Dàhòmì ń kó ènìyàn lẹ́rú. Bí a bá wo ìtàn náà dáadáa, ọ̀rọ̀ ilé ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí ènìyàn yóò sùn sí tí ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ ni àwọn baba wa ń wá, òkè ló sì gbà wọ́n. Ogun ti lọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé kò tíì tán. Àwọn ọmọ wa ń pọ̀ sí i, ìlú ń fẹ̀ sí i níbi tí títì Cotonou ti pín sí méjì, tí ọ̀kan lọ sí Parakou tí èkejì lọ sí Savalou. Owó sìmẹ́ńtì àti owó páànù kò sì rọrùn fún àgbẹ̀ tàbí oníṣẹ́ ọwọ́.

Ìdí nìyí tí ìwé ìrántí ọdún yìí fi mú ìtàn obìnrin kan wá tí kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa. Jane Drew ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, iṣẹ́ ayàwòrán ilé ló sì ṣe títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní Ghana àti ní Íńdíà. Ohun tó dì mú jálẹ̀ ayé rẹ̀ ni pé ilé tó dára kì í ṣe ti olówó nìkan. Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti yọrí sí rere wúlò fún àwa tí a ń kọ́lé lábẹ́ òkè, ibi tó ti kọsẹ̀ náà sì wúlò, pàápàá fún àwọn ìjòyè, mẹ́ẹ̀rì àti àwọn ìgbìmọ̀ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pípín wà lọ́wọ́ wọn.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1911 ni wọ́n bí Jane Drew ní Thornton Heath, àdúgbò kan ní ìhà gúúsù London. Bàbá rẹ̀ máa ń ṣe irinṣẹ́ tí àwọn dókítà fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ olùkọ́. Inú ilé tí wọ́n ti mọyì iṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n sì tún mọyì ìwé, ló ti dàgbà. Ní 1929 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Architectural Association ní London láti kọ́ iṣẹ́ yíyàwòrán ilé, ó sì parí ẹ̀kọ́ náà ní 1934.

Ìgbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ yìí, ìpọ́njú ilé pọ̀ ní àwọn ìlú ńlá Yúróòpù. Ìdílé kan lè há sínú yàrá kan ṣoṣo, bàbá, ìyá àti ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà, láìsí omi nínú ilé, tí gbogbo ojúlé á sì máa lo ilé ìgbẹ́ kan náà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń pa ọmọdé, ó ń pa àgbà. Àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ilé ní Jámánì, ní Họ́láńdì àti ní Fáransé wá gbé èrò tuntun kalẹ̀. Wọ́n ní kí a yé fi owó ṣòfò sórí ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Kí a fi kọnkéré, irin àti gíláàsì kọ́ ilé tó mọ́ tónítóní, tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń wọ̀, kí owó tí a bá rí tọ́jú lè kọ́ ilé fún ìdílé púpọ̀ sí i. Èyí ni wọ́n ń pè ní ilé kíkọ́ ìgbàlódé. Jane Drew gba ẹ̀kọ́ yìí gbọ́, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

Ìyá Ìbejì tó dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀

Ní 1933, kó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó fẹ́ James Alliston, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán ilé. Ọlọ́run fi ìbejì ta wọ́n lọ́rẹ, obìnrin ni àwọn méjèèjì. Àwa tí a mọ ohun tí ìbejì jẹ́ mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ńlá ni kí a pe ènìyàn ní Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ yẹn kò ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ fún Jane Drew. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì tó kọ̀wé sí ni kò fẹ́ gba obìnrin síṣẹ́. Ìgbéyàwó náà tú ká ní 1939, ọdún tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹnìkan bá rí i pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun, ó lè jókòó síta kó máa sunkún, ó sì lè lọ ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀. Jane Drew ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀ sí àárín London nínú ogun, àwọn obìnrin nìkan ló sì kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó mú orúkọ rẹ̀ jáde nígbà náà lè dà bí iṣẹ́ kékeré létí ẹni tí kò dáná rí. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta gáàsì ìdáná gbà á gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wo ibi tí ààrò yẹ kó wà, ibi tí omi yẹ kó wà, ibi tí a ó kó oúnjẹ sí, àti bí tábìlì ṣe yẹ kó ga tó kí ẹ̀yìn má baà máa dun ẹni tó ń dáná. Ní 1945 ó tẹ ìwé kan jáde lórí ètò ilé ìdáná. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilé ìgbà yẹn, ojú ilé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yà. Jane Drew bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìyá ilé ń dúró sí láti àárọ̀ dalẹ́. Ìwà yìí ló bá a dé ilẹ̀ adúláwọ̀.

Òun àti Maxwell Fry

Ní 1942 ó fẹ́ Maxwell Fry, ọkọ rẹ̀ kejì, ẹni tí a bí ní 1899. Fry ti ní orúkọ kí wọ́n tó pàdé. Òun ló ya àwòrán Kensal House ní ìwọ̀ oòrùn London, tí wọ́n ṣí ní 1937. Ilé gáàsì kan ló fi owó kọ́ ọ fún àwọn ìdílé tí wọ́n ń kó kúrò ní àdúgbò tó ti bàjẹ́. Obìnrin kan, Elizabeth Denby, tó mọ ìgbésí ayé àwọn aláìní dáadáa, ló bá Fry gbèrò rẹ̀. Ojúlé 68 ló wà níbẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀, wọ́n ní pèpéle níta tí wọ́n lè jókòó sí, ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi sì wà fún àwọn ọmọ wọn nínú ọgbà kan náà.

Láti ìgbà tí Jane Drew àti Fry ti fẹ́ra, iṣẹ́ wọn di iṣẹ́ alájọṣe. Ó ṣòro láti ya tọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára tìyàwó. Bí àwọn kan bá sì ti ń fi gbogbo ògo fún ọkọ nìkan, ẹ jẹ́ kí àwa tí a mọ̀ pé obìnrin wa ló ń pọn omi tí a fi ń po amọ̀ ilé ṣe ìdájọ́ òdodo.

Ó dé ilẹ̀ adúláwọ̀

Ọdún 1943 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Fry, tó wà nínú ẹgbẹ́ ológun nígbà náà, wá sí Accra gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn lórí ètò ìlú fún Gambia, Sierra Leone, Gold Coast àti Nàìjíríà. Ní 1944 Jane Drew wá bá a, ó sì di igbákejì olùdámọ̀ràn. Wọ́n ń rìn káàkiri láti ìlú dé ìlú, láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń ya àwòrán bí ìlú yóò ṣe fẹ̀, ibi tí ọjà yóò wà, ibi tí omi ìdọ̀tí yóò máa gbà.

Ká má tan ara wa o. Ìjọba amúnisìn ló gbà wọ́n síṣẹ́, kì í ṣe àwọn ará abúlé ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Ẹni tí ìjọba bẹ́ẹ̀ bá rán níṣẹ́, bó ti wù kó ní inú rere tó, àwọn ènìyàn yóò máa wò ó tìfura-tìfura. Síbẹ̀, ohun tí Jane Drew rí ní àwọn abúlé yìí yí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ó rí i pé ilé ìgbàlódé tí wọ́n kọ́ ọ ní London, tí wọ́n fi ń wá oòrùn lójú méjèèjì, kò bá ilẹ̀ wa mu. Níhìn-ín, oòrùn ni a ń sá fún, afẹ́fẹ́ ni a ń wá. Ó rí ilé alámọ̀ tó tutù lọ́sàn-án. Ó rí àgbàlá tí gbogbo iṣẹ́ ilé ti ń lọ, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn àgbà ń jókòó sí.

Ní 1947, òun, Fry àti Harry Ford tẹ ìwé kan jáde lórí kíkọ́ ilé abúlé ní ilẹ̀ olóoru, tí wọ́n fi Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ṣe àpẹẹrẹ. Ìwé kékeré ni, ó sì ní àwòrán púpọ̀. Kì í ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún. Wọ́n kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tí àtúnṣe abúlé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ rọrùn. Kọ ẹ̀gbẹ́ ilé tó kúrú sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà rí ògiri gbígbòòrò jó. Jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kí òjò má baà nu ògiri, kí òjìji sì wà. Fi fèrèsé síhà méjèèjì yàrá, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé níhìn-ín kó jáde lọ́hùn-ún. Má gé gbogbo igi kí o tó kọ́lé. Lo amọ̀, igi àti òkúta tó wà ládùúgbò rẹ, kí o sì tún un ṣe kó lè pẹ́. Ẹ̀yin bíríkìlà tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni àwọn baba wa ti ń ṣe. Ohun tí ìwé náà ṣe ni pé ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì sọ fún àwọn aláṣẹ tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ilé alámọ̀ pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀.

Ìbàdàn

Nígbà tí ogun parí, Jane Drew àti Fry dá ọ́fíìsì àjùmọ̀ní sílẹ̀ ní London, iṣẹ́ sì ń ti ilẹ̀ adúláwọ̀ wá. Ní Ghana, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, títí kan Prempeh College ní Kumasi àti Wesley Girls' ní Cape Coast. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn tí àwa ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire mọ̀ jù ni Yunifásítì Ìbàdàn.

Ọdún 1948 ni wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì. Inú ilé ìwòsàn àwọn ológun àtijọ́ ní Ẹlẹ́yẹlé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wà kí wọ́n tó kó lọ sí ibùdó tuntun tí Fry àti Drew ya àwòrán rẹ̀. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí yóò rántí: àwọn ilé gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ju yàrá kan lọ ní fífẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè la inú wọn kọjá; ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó gùn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun; àti ògiri kọnkéré oníhò tí wọ́n ṣe bí iṣẹ́ ọnà, tó ń dá oòrùn dúró, síbẹ̀ tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Ibi ìkówèésí tó ń jẹ́ orúkọ Kenneth Dike lónìí ni àpẹẹrẹ tó dára jù. A kọ́ ọ ní ìgbà tí kò sí ẹ̀rọ amúlétutù káàkiri. Afẹ́fẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n fọkàn tán.

Ọmọ Nàìjíríà kan tó bèèrè ọ̀rọ̀

Ibi kan wà nínú ìtàn yìí tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa fi sọ́kàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 sí 1953, ọmọ Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Adédòkun Adéyẹmí ń kọ́ iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ní Manchester. Ó ṣàkíyèsí pé gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ òun jẹ́ ti ilẹ̀ òtútù, pé bí òun bá padà délé, kò ní wúlò tó fún àwọn ènìyàn òun. Kò dákẹ́ sórí rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ wà lára ohun tó fa ìpàdé ńlá kan ní University College London ní 1953 lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru. Ní 1954, ilé ẹ̀kọ́ Architectural Association, níbi tí Jane Drew ti kẹ́kọ̀ọ́, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yẹn, Maxwell Fry sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1956, Fry àti Drew tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin wà. Ìbéèrè ọmọ wa kan ló wà lára ohun tó ṣílẹ̀kùn náà. Ẹni tó bá bèèrè kì í ṣìnà.

Ilé ìránṣẹ́ ní Chandigarh

Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà sí méjì ní 1947, Lahore, olú ìlú Punjab, bọ́ sọ́dọ̀ Pakistan. Apá Punjab tó kù ní Íńdíà kò ní olú ìlú mọ́, àwọn tí ogun lé kúrò nílé sì kún ibẹ̀. Olórí ìjọba, Jawaharlal Nehru, fẹ́ kí wọ́n kọ́ ìlú tuntun pátápátá, Chandigarh. Ní 1950 àwọn aṣojú ìjọba wá sí London, wọ́n lọ bá Fry àti Drew. Àwọn méjèèjì gbà, ṣùgbọ́n wọ́n dábàá kí wọ́n pe Le Corbusier, ògbóǹtarìgì ayàwòrán ilé tó ń gbé ní Paris. Le Corbusier ya àwòrán ìlú náà lápapọ̀ àti àwọn ilé ìjọba ńláńlá, kì í sì í gbé ibẹ̀ títí. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ ni Jane Drew, Fry àti Pierre Jeanneret, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ilé ọmọ Íńdíà. Ọdún mẹ́ta, láti 1951 títí di 1954, ni Jane Drew fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Orúkọ Le Corbusier ni ayé ń pè bí wọ́n bá dárúkọ Chandigarh. Ṣùgbọ́n ilé tí àwọn ènìyàn ń gbé ni iṣẹ́ àwọn mẹ́ta yòókù. Ìjọba pín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí ìpele gẹ́gẹ́ bí owó oṣù wọn, wọ́n sì ya oríṣi ilé kọ̀ọ̀kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan, láti ti olórí ìjọba ìpínlẹ̀ títí dé ti ìránṣẹ́ ọ́fíìsì. Èyí tó kéré jù ni wọ́n ń pè ní oríṣi kẹtàlá. Ibẹ̀ ni Jane Drew àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọkàn sí. Wọ́n fún ìránṣẹ́ náà ní yàrá méjì, ilé ìdáná, ibi ìwẹ̀, ilé ìgbẹ́ tirẹ̀, àti àgbàlá kékeré tí ìdílé rẹ̀ lè jókòó sí. Wọ́n fún un ní omi ẹ̀rọ àti iná mànàmáná. Kí ìgbà yẹn tó dé, yàrá kan ṣoṣo ni irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní.

Owó kò pọ̀. Sìmẹ́ńtì àti irin wọ́n gógó. Nítorí náà bíríkì sísun tí wọ́n ń ṣe ládùúgbò ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì fi bíríkì kan náà ṣe ògiri oníhò tó ń dá oòrùn dúró. Wọ́n rántí pé ní ìgbà ooru, ìta ni àwọn ará ibẹ̀ ń sùn sí lálẹ́, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún un. Àdúgbò 22, tó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́, ní ọjà, ilé ẹ̀kọ́ àti pápá nínú ara rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọmọdé lè fẹsẹ̀ rìn lọ síbi gbogbo.

Àléébù rẹ̀ ni pé pípín ilé gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tún ya olówó sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ tálákà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé ìránṣẹ́ Chandigarh kò ní omi nínú ilé.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti kọsẹ̀: Tema

Ní 1952, ìjọba Gold Coast gba ilẹ̀ tó fẹ̀ ní máìlì onígun mẹ́rin 64 ní etíkun, ní ìlà oòrùn Accra, láti kọ́ èbúté ńlá àti ìlú ilé iṣẹ́ sí. Abúlé àwọn apẹja Ga kan wà níbẹ̀ láti ayébáyé, Tema ni orúkọ rẹ̀. Ìjọba ní kí wọ́n kó kúrò. Ọ́fíìsì Jane Drew àti Fry ni wọ́n ní kó ya àwòrán abúlé tuntun tí wọn yóò kó lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Tema Manhean.

Wọ́n gbìyànjú. Wọn kò to ilé sí ìlà bí ilé àwọn sójà. Agbo ilé ni wọ́n yà, yàrá yí àgbàlá ká, gẹ́gẹ́ bí ìdílé Ga ṣe ń gbé. Ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀, àwọn apẹja kọ̀ láti lọ. Ojúbọ wọn wà ní ilẹ̀ àtijọ́, isà òkú àwọn baba wọn wà níbẹ̀, etí òkun tí wọ́n mọ̀ wà níbẹ̀. Ìgbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ní 1959, ìjọba fi ipá kó wọn lọ. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ilé náà kò gba iye ènìyàn tó wà nínú ìdílé wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ ara wọn so yàrá mọ́ yàrá.

Ó yẹ kí a dúró níbí díẹ̀. Àwòrán ilé náà kò burú. Ẹni tó yà á jẹ́ ẹni tó ti ń ronú nípa mẹ̀kúnnù fún ogún ọdún. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé wọ́n ti pinnu lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi onílẹ̀. Nígbà tí ayàwòrán ilé bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ilẹ̀ tán, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó, ilé àlejò ni yóò kọ́. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti Ghana nìkan.

Ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀

Jane Drew kò sinmi. Ó ṣiṣẹ́ ní Iran fún ìlú àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ya àwòrán ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ adití ní London, ó sì wà lára àwọn tó ya àwòrán ibùdó Open University ní Milton Keynes. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti kẹ́kọ̀ọ́ fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ wọn ní 1969, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Yunifásítì Ìbàdàn, tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́, fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní 1966.

Nígbà tí àgbà dé, òun àti Fry lọ ń gbé ní Cotherstone, abúlé kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fry kú níbẹ̀ ní 1987. Ní 1996 ni Ọbabìnrin fi oyè Dame dá Jane Drew lọ́lá. Ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún yẹn kan náà ló jáde láyé, lẹ́ni ọdún 85. Lónìí, ẹ̀bùn kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè, tí wọ́n ń fún àwọn tó gbé iṣẹ́ àwọn obìnrin ayàwòrán ilé ga.

Kí ni èyí kàn wá ní Ìdáàṣà?

Ìjọba orílẹ̀-èdè wa ti gbé ètò ilé 20,000 kalẹ̀ fún àwọn ìlú wa, èyí tó wà ní Ouèdo lẹ́bàá Abomey-Calavi ló sì tóbi jù. Ohun ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n yálà ìjọba ló kọ́lé ni o, yálà àwa fúnra wa ló kọ́ ọ, àwọn ìbéèrè tí ayé Jane Drew fi sílẹ̀ kò yí padà.

Èkíní, ta ni a bi léèrè? Kí a tó la títì tuntun tàbí kí a tó pín ilẹ̀ lábẹ́ òkè, kí a jókòó pẹ̀lú àwọn tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn olójúbọ àti àwọn àgbẹ̀. Kí a má gbàgbé láti bi àwọn ìyá wa, nítorí àwọn ló mọ ibi tí omi ti ń ya wọlé àti ibi tí èéfín ti ń dá dúró.

Èkejì, ṣé ilé náà bá ojú ọjọ́ wa mu? Ilẹ̀ wa kò rí bí etí òkun. Atẹ́gùn tó ń gbé òjò wá ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn fẹ́, ọyẹ́ sì ń bọ̀ láti àríwá ìlà oòrùn pẹ̀lú eruku. Àpáta tó ti yá oòrùn látàárọ̀ ń tú ooru rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́. Nítorí náà ilé wa nílò fèrèsé tó ṣe é ṣí fún atẹ́gùn òjò, tó sì ṣe é tì nígbà ọyẹ́. Ó nílò òrùlé tí etí rẹ̀ yọ síta, àjà lábẹ́ páànù, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá bíríkì sìmẹ́ńtì tí a fi páànù bò láìsí àjà, láìsí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ, ààrò ni, kì í ṣe ilé, bó ti wù kó jẹ́ tuntun tó.

Ẹ̀kẹta, kí ni mẹ̀kúnnù yóò rí gbà? Ìránṣẹ́ kan ní Chandigarh rí omi, iná, yàrá méjì àti àgbàlá, ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó, nítorí pé àwọn kan jókòó fún ọdún mẹ́ta láti ronú lórí ilé tó kéré jù lọ bí ẹni tó ń ronú lórí ààfin. Ilẹ̀ amọ̀ wa kò tíì tán. Ọwọ́ àwọn ọmọ wa kò rọ. Ohun tó kù ni kí àwọn aláṣẹ wa àti àwọn bíríkìlà wa gbà pé ilé alámọ̀ tí a tún ṣe dáadáa kì í ṣe ìtìjú.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ náà gbọ́ ìtàn yìí. Ìyá ìbejì kan tí wọ́n kọ̀ láti gbà síṣẹ́ nítorí pé obìnrin ni, ló lọ kọ́lé káàkiri ayé. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí yóò ya àwòrán ilé tó yẹ Ìdáàṣà máa ka ìwé yìí lọ́wọ́ lónìí lábẹ́ igi nínú pápá ọdún wa.

Àwọn òkè mọ́kànlélógójì ló gba àwọn baba wa. Kí ilé tí a bá ń kọ́ lábẹ́ wọn gba àwọn ọmọ wa pẹ̀lú. Ọdún á yabo, ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀. Àṣẹ.